Kí Ẹ Tó Dá Iye Lé Owó Àtijọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ra owó àtijọ́ kiri Ìtagunmódì àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ fetí sílẹ̀. Òwò kòkó ló kó ṣílè, kọ́bọ̀ àti ọ̀nínì ayé Òyìnbó wọ ilé àwọn bàbá wa, èdè Látìn ló sì wà lójú wọn. Wọ́n gé ọ̀rọ̀ náà kúrú kó lè gba ojú owó. Ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ti gé e, àròsọ ni yóò máa tà fún oníbàárà.

Àmì kíkán (. tàbí :), tó ń fi ibi tí wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ hàn, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Lójú kọ́bọ̀ oníhò, ẹ ó rí GEORGIVS V REX ET IND:IMP: REX, ìyẹn ọba, àti ET, ìyẹn àti, kò ní àmì, odindi ni wọ́n. IND: ni Indiae, IMP: ni Imperator: olú-ọba Índíà. V inú GEORGIVS, U ni. V tó dá dúró lẹ́yìn rẹ̀, Karùn-ún ni.

Ti ṣílè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. D.G. ni Dei Gratia, nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. F.D. ni Fidei Defensor, olùgbèjà ìgbàgbọ́. BRITT:OMN: ni Britanniarum Omnium, gbogbo ilẹ̀ Britain. Ẹ má pe T méjì yẹn ní àṣìkọ: láti ayé àwọn ará Róòmù ni wọ́n ti ń kọ lẹ́tà ìparí lẹ́ẹ̀mejì bí nǹkan bá ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n H tàbí KN kì í ṣe Látìn. Àmì Heaton àti Kings Norton tó rọ owó ní Birmingham ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọdún wò ó. Índíà gbòmìnira ní 1947. Owó 1952 tó ṣì ń pe ọba ní IND:IMP:, ẹ fura sí i. EDWARDVS VIII ti 1936 ńkọ́? Ẹ má kọ̀ ọ́. Kò lò tó ọdún kan lórí oyè, síbẹ̀ owó oníhò ilẹ̀ wa jáde lórúkọ rẹ̀.

Ẹ má fi yanrìn fọ owó. Àmì kíkán ló ń kọ́kọ́ parẹ́. Bí lẹ́tà bá ti jẹ, ohun tí ojú rí ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Èyí tí ẹ fi òye dí, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀, kí oníbàárà rí méjèèjì kó tó sanwó.