Kì í Ṣe Ìwọ Ni O Kò Mọ Kọ̀ǹpútà Lò

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́sí, pé orí rẹ kò gba kọ̀ǹpútà mọ́, kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Ẹni tó ti ń tẹ ìwé, tó ń ṣírò ọjà ṣọ́ọ̀bù, tó ń kún fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ lórí láptọ́ọ̀pù láti ayé Windows 7, kí ló lè sọ ọ́ di òpè lójijì? Àwọn tó ṣe nǹkan tó ń darí ẹ̀rọ náà ló ń yí i mọ́ wa lọ́wọ́, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń yí i sí rere. Bí o bá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, ọkàn rẹ á balẹ̀, wàá sì lè gba àṣẹ ẹ̀rọ rẹ padà.

Ọdún 2009 ni Windows 7 jáde, àwọn tó lò ó ṣì ń dárò rẹ̀ dòní. Nígbà tí Windows 8 dé ní 2012, wọ́n yọ bọ́tìnì Start kúrò ní igun òsì nísàlẹ̀. Tọmọdé tàgbà ń gbé máúsì lọ sí igun yẹn, wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ariwo náà pọ̀ débi pé lọ́dún kejì, nínú Windows 8.1, bọ́tìnì padà wálé. Windows 10 tẹ̀ lé e ní 2015, ara sì tu àwọn ènìyàn díẹ̀. Àfi ìgbà tí Windows 11 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Wọ́n gbé Start lọ sí àárín. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí à ń pè ní taskbar, tí àwọn kan máa ń gbé sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Bí o bá fi bọ́tìnì ọ̀tún máúsì tẹ fáìlì, apá kan nínú ohun tí o ń wá ti sá pamọ́ sẹ́yìn "Show more options", ohun tí à ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wá di ẹ̀ẹ̀mejì. Ó dà bí ohun kékeré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe é láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló mọ bó ṣe ń rí.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ti ìpolówó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Microsoft gbé update kan jáde tó ń fi ìpolówó áàpù sínú Start gan-an, ní abala tí wọ́n pè ní Recommended. Kò yàtọ̀ sí àlejò tó wá kí ọ, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún àga pálọ̀ rẹ tò, tó sì pàtẹ ọjà sí àárín ilé. Owó rẹ ni o fi ra láptọ́ọ̀pù yẹn, o ò jẹ ẹnikẹ́ni.

Ìdí wà ńbẹ̀ o. Láyé ijọ́un, ẹ̀dà Windows kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà, nítorí náà ó di dandan kí ẹ̀dà tuntun dára ju ti àtijọ́ lọ kí a tó lè fowó sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí Windows 10 dé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi fún àwọn tó ní Windows 7 àti 8.1. Láti ìgbà náà, owó tún ń wá láti ibòmíràn: Microsoft 365 tí à ń san lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, àyè ìpamọ́ OneDrive lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ìpolówó. Ẹ̀rọ rẹ wá di ojú ọjà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ fi ń sọ fún ọ pé "fi àkáǹtì rẹ wọlé", tó fi mọ́ Notepad, ìwé pélébé tí à ń kọ orúkọ ọjà sí, tí wọ́n ti ki Copilot, olùrànlọ́wọ́ AI wọn, bọ̀.

Èkejì ni pé àwa gan-an ni wọ́n fi ń dán nǹkan wò. Ní 2014 wọ́n dá ètò Insider sílẹ̀, níbi tí àwọn tó bá fẹ́ ti ń kọ́kọ́ lo Windows tuntun, tí wọ́n sì ń kọ àṣìṣe rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ń kà á. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, update kan fún Windows 10 pa fáìlì àwọn ènìyàn kan rẹ́. Àwọn wọ̀nyí ti gbé fóldà Documents tàbí Pictures wọn lọ sí ibòmíràn, àwọn fáìlì kan sì kù síbi àtijọ́. Update náà ka fóldà àtijọ́ sí èyí tí kò wúlò mọ́, ó gbá a dànù tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀. Microsoft yára dá a dúró. Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé àwọn kan nínú ètò Insider ti kọ̀wé ṣáájú pé fáìlì àwọn ń sọnù, ìròyìn wọn sì rì sáàárín ọ̀kẹ́ àìmọye mìíràn.

Ó dáa, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe látorí dátà, torí ibẹ̀ ni owó ti ń jò jù.

Nígbà tí o bá tan hotspot fóònù rẹ fún láptọ́ọ̀pù, Windows kò mọ̀ pé kóbọ̀ kóbọ̀ ni o fi ra dátà yẹn. Lójú tirẹ̀, Wi-Fi ni Wi-Fi ń jẹ́, á sì máa fa update bó ṣe wù ú. Lọ sí Settings, wọ Network & internet, wá orúkọ hotspot rẹ, kí o sì tan "Metered connection". Láti ìgbà náà, á mọ̀ pé dátà olówó ni, kò sì ní fa ọ̀pọ̀ update mọ́ láìjẹ́ pé o ní kó fà á. Hotspot kọ̀ọ̀kan ni wàá ṣe é fún o. Bí o bá gba ti ọkọ rẹ lò, o ní láti tún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí, wọ Windows Update, lábẹ́ Advanced options, kí o ṣètò Active hours. Wákàtí tí o fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ó sì lè tó 18 lójúmọ́; ẹ̀rọ kò ní ṣàdédé pa ara rẹ̀ tan ara rẹ̀ láàárín àsìkò náà nítorí update. Ó tún ní ibi tí o ti lè dá update dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí tó dára fún ọ̀sẹ̀ ìdánwò tàbí ìgbà tí o bá ní iṣẹ́ oníbàárà tó ń kán ọ lójú. Ṣùgbọ́n má gbọ́ ti àwọn tó ń sọ pé kí o pa update pátápátá. Inú update kan náà tó ń gbé ìpolówó wá ni àtúnṣe tó ń dí ihò mọ́ àwọn olè wà, ìwọ sì ń fi ẹ̀rọ yẹn wọ báńkì. Yan ọjọ́ tí iná bá dúró, tí bátìrì kún, kí o fi ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ kó ṣe é. Bí bátìrì rẹ kì í bá gbé ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, bí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àlòkù ṣe máa ń rí, má ṣe é lórí iná NEPA nìkan. Iná tó lọ nígbà tí update wà láàárín méjì lè mú kí ẹ̀rọ náà kọ̀ láti tan.

OneDrive ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Bí o bá tan láptọ́ọ̀pù tuntun, tí o fi àkáǹtì Microsoft wọlé, tí o ń tẹ Next, Next bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó lè ti gbé Desktop, Documents àti Pictures rẹ sínú OneDrive kí o tó mọ̀. Ọ̀fẹ́ ni 5GB àkọ́kọ́. Àwọn fọ́tò ìgbéyàwó kan péré ti lè kún un. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún ọ pé àyè ti tán, wá ra sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó sí wàhálà nìyí: wọ́n á lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á pa fọ́tò rẹ́ níbẹ̀ kí àyè lè wà, wọ́n á rò pé ti inú láptọ́ọ̀pù ṣì wà. Kò sí níbẹ̀ mọ́ o. Ibì kan náà ni méjèèjì. Ohun tí o bá pa rẹ́ lókè, yóò pa rẹ́ nísàlẹ̀. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, yára wo Recycle bin inú OneDrive fúnra rẹ̀, torí ó máa ń fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀ fún 30 ọjọ́.

Láti já ara rẹ gbà, tẹ àwòrán ìkùukùu kékeré tó wà lẹ́bàá aago nísàlẹ̀, wọ Settings rẹ̀, wá "Sync and backup", tẹ "Manage backup", kí o pa fóldà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Má jáyà bí Desktop rẹ bá ṣófo lẹ́yìn náà. Fáìlì rẹ lè ṣì wà nínú fóldà tó ń jẹ́ OneDrive. Kó wọn jáde padà sáyè wọn. Kí o tó ṣe gbogbo ìyẹn pàápàá, da gbogbo rẹ̀ kọ sórí hard disk tó ń dá dúró, kí o sì fi í pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ti ìpolówó kò le. Nínú Settings, Personalization, Start, pa ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa "recommendations". Wọ System, Notifications, lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, wàá rí àwọn "tips and suggestions", pa wọ́n. Bí ojú rẹ bá ń wá Start ní apá òsì, ibi Taskbar ni o ti lè dá a padà.

Má sì rò pé àwọn oní-Mac ti bọ́. Ní 2009, nígbà tí Apple ń polongo Snow Leopard, ohun tí wọ́n fi yangàn ni pé kò sí nǹkan tuntun nínú rẹ̀, àtúnṣe ni. Ta ló tún ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́? Ní 2025 wọ́n gbé macOS Tahoe jáde, wọ́n fi nǹkan tó ń dán bíi gíláàsì bo gbogbo ojú ẹ̀rọ, àwọn ènìyàn sì ń ráhùn pé àwọn kò rí lẹ́tà kà dáadáa. Bí o bá ní ọ̀rẹ́ tó ń lo Mac, sọ fún un kó wọ Accessibility, Display, kó tan "Reduce transparency".

Ó wá ku ti láptọ́ọ̀pù tuntun tí Microsoft ń fẹ́ kí o rà. Lóòótọ́, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft jáwọ́ nínú Windows 10. Ẹ̀rọ kò kú lọ́jọ́ yẹn o, àtúnṣe ààbò ni kò wá mọ́ fún ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀. Bí tìrẹ bá jẹ́ Windows 10 ẹ̀dà 22H2, wo Windows Update bóyá ìlà "Enroll now" wà níbẹ̀; ètò tí wọ́n kéde máa gbé ọ dé ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, ọ̀fẹ́ sì ni bí o bá gbà kí Settings rẹ máa wọ inú àkáǹtì Microsoft. Àsìkò tí wàá fi tọ́jú owó nìyẹn.

Bí o bá wá lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, má jẹ́ kí ẹnu dídùn tà ọ́ ní "UK used" tó ti fẹ̀yìn tì. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, èròjà ààbò kan nínú ẹ̀rọ, àti ní ti Intel, láti ìran kẹjọ lọ sókè lọ́pọ̀ ìgbà. Ka nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 tàbí i7: 7200U, ìran keje, 8250U, ìran kẹjọ, 10210U, ìran kẹwàá. Tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, kọ tpm.msc, kí o wò ó fúnra rẹ bóyá 2.0 ló wà níbẹ̀. Bí Windows 11 bá wà lórí ẹ̀rọ ìran kẹfà, a jẹ́ pé wọ́n fi ọgbọ́n ki í bọ̀ ọ́ ni, Microsoft kò sì ṣèlérí pé update á máa wọlé síbẹ̀.

Èyí tó wà nílé ńkọ́? Bó bá jẹ́ hard disk àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, fi SSD tí kò ní nǹkan tó ń yí rọ́pò rẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ á yà ọ́ lẹ́nu. Kí o sì ní kí ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá ọ fi Linux Mint sórí fláàṣì kan. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní ìpolówó, kò béèrè àkáǹtì, LibreOffice wà nínú rẹ̀ tó ń ṣí fáìlì Word, kíbọọ̀dù Yorùbá pàápàá wà níbẹ̀. Orí fláàṣì náà ni o ti máa lò ó wò láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ. Dán Wi-Fi wò, dán prínńtà wò, ṣí ìwé ìṣirò ọjà rẹ. Bí kò bá bá ọ lára mu, pa ẹ̀rọ, yọ fláàṣì, Windows rẹ ṣì wà níbi tó wà. Bó bá sì bá ọ mu, má jẹ́ kí ọmọ náà gbé e wọlé pátápátá kí o tó béèrè níbi iṣẹ́ rẹ bóyá sọ́fítíwìà ìṣirò owó tí wọ́n ń lò á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.