Láti Lomé dé Kútọnu lójú òfurufú

Obìnrin aláṣọ kan láti Kétu lọ sí Lomé. Aṣọ ẹbí tí wọ́n ti rán tán wà nínú ẹrù rẹ̀; òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọn yóò wọ̀ ọ́ níbi ìgbéyàwó. Nítorí pé kò fẹ́ pẹ́ lọ́nà, ó ní ọkọ̀ òfurufú ni òun yóò wọ̀ padà. Ó pe awakọ̀ tí yóò gbé e láti Kútọnu lọ sí Kétu.

— Ọmọ mi, aago 2 ọ̀sán ni a óò gbéra. Wọ́n ní kò ju ìṣẹ́jú 35 lọ. Dúró dè mí di aago 3.

— Ó dáa, Ìyá. Ṣùgbọ́n bí aago 3 bá lù, àwọn èrò yòókù kò ní gbà kí n dúró mọ́.

Ọkọ̀ òfurufú náà kò pẹ́ rárá. Síbẹ̀, nígbà tí ìyá náà jáde síta, awakọ̀ ti lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí a bá fa ìlà tààrà láti pápá ọkọ̀ òfurufú Lomé dé ti Kútọnu, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 127. Ọ̀nà ilẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bíi 150, nítorí pé ó ń tẹ̀ lé etí òkun, ó ń gba Aného, ẹnubodè Hillacondji, Grand-Popo àti Ouidah.

Ọkọ̀ òfurufú tí ó ń rin kìlómítà 600 ní wákàtí kan ń rin kìlómítà 10 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá fi 10 pín 127, kò tó ìṣẹ́jú 13. Báwo ni ó ṣe wá di 35? Ọkọ̀ òfurufú kì í fò láti ibi tí ó dúró sí bí ẹyẹ. Ó kọ́kọ́ ń rìn lórí ilẹ̀ lọ sí ojú ọ̀nà gígùn tí yóò ti sáré. Ó máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá ń gbéra àti nígbà tí ó bá ń balẹ̀. Bí ibi tí ó ń lọ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di dandan kí ó yí po. Nígbà tí ó bá ń gòkè, kò tíì lè sáré tó 600. Kí ó tó sáré tó bẹ́ẹ̀, ó ti tó àkókò láti sọ̀kalẹ̀. Nínú ìrìn gígùn, bíi Kútọnu sí Paris, ìṣẹ́jú wọ̀nyí kò jẹ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló fa wàhálà ìyá náà. Aago Togo àti aago Benin kò bára mu. Nígbà tí aago 2 bá lù ní Lomé, aago 3 ti lù ní Kútọnu. Nítorí náà, ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ gbéra ní Lomé gan-an ni awakọ̀ gbéra ní Kútọnu! Tíkẹ́ẹ̀tì kò purọ́: aago ìlú tí a ti gbéra ni a fi ń kọ àkókò ìgbéra, aago ìlú tí a ń lọ ni a sì fi ń kọ àkókò ìbalẹ̀. Ìyá náà kò wo èkejì.

Ó wá tasí mìíràn, ó sanwó gidi, ó sì dé Kétu lóru.

Ìbéèrè

1. Aago mélòó ni ìyá náà balẹ̀, ní aago Kútọnu?
2. Aago mélòó ni ì bá ti sọ fún awakọ̀ pé kí ó dúró dè é dé?
3. Ẹnì kan gbéra ní Kútọnu ní aago 10 òwúrọ̀, ó sì lo ìṣẹ́jú 35. Kí ni aago Lomé yóò sọ nígbà tí ó bá balẹ̀? Ṣé aago náà ti bàjẹ́ ni?