Ìdíwọ̀n Tó Ń Ṣáájú Ìtànṣán: Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró



Bí dókítà bá sọ pé ìtànṣán ni wọn yóò fi tọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn wa, ohun tó sábà máa ń yà wá lẹ́nu ni pé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn a ya àwòrán, wọn a fi àmì sí aláìsàn lára, wọn a sì ní kó máa lọ sílé títí wọn yóò fi pè é. Ẹlòmíràn a rò pé wọ́n ti pa òun tì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdíwọ̀n ló ń lọ lọ́wọ́. Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í gé aṣọ kó tó wọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

Ìtànṣán yìí lágbára. Bó ti ń pa jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ló lè ṣe ibi tó dá ṣáṣá léṣe. Ẹ̀dọ̀fóró sì sún mọ́ ọkàn, ọ̀nà ọ̀fun àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí a sì ti ń mí, kókó náà lè máa lọ sókè sódò.

Nítorí náà, aláìsàn a dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ CT bí yóò ti máa dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ ìtọ́jú gan-an, ọwọ́ méjèèjì sábà máa ń wà lókè orí. Ẹ̀rọ náà lè ya á bó ti ń mí sínú, tó ń mí síta, kí wọ́n lè mọ ibi tí kókó náà ń rìn dé. Dókítà a wá fa ìlà yí kókó náà ká lórí kọ̀ǹpútà, a sì fa ìlà yí àwọn ẹ̀yà ara tó fẹ́ dáàbò bò ká. Onímọ̀ físíìsì a ṣírò bí ìtànṣán yóò ṣe gba ọ̀nà púpọ̀ wọlé, tí gbogbo rẹ̀ yóò pàdé lórí kókó náà. Wọn a tún yẹ ìṣirò ọ̀hún wò kí wọ́n tó lò ó.

Bí kókó bá ti tóbi ṣùgbọ́n tí kò tíì tàn kúrò nínú àyà, wọ́n sábà ń pín ìtọ́jú náà sí nǹkan bí ìgbà 30, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 6. Bí ó bá kéré tí a sì tètè rí i, ó lè jẹ́ ìgbà 3 sí 8 péré, ṣùgbọ́n ti ẹ̀ẹ̀kan á lágbára gan-an. Ìdíwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ péye.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí àmì ara náà. Àwọn kan ń fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o nítorí ìmọ́tótó ìrun. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń tẹ́ aláìsàn sójú kan náà lójoojúmọ́. Àyà kò sí lára ibi tí à ń fọ̀ nínú àlùwàlá. Tó bá di ìwẹ̀ ọ̀ranyàn, àwọ̀ lásán tí kò nípọn, bíi láàlì, kì í dí omi lọ́wọ́ láti kan ara. Ẹ rọra da omi sí i, ẹ má fi kàn-ìn-kàn-ìn kàn án. Bí dókítà bá ní kí omi má kan ibẹ̀, ẹ sọ fún àáfà yín. Ẹ̀sìn wa ní ìrọ̀rùn fún aláìsàn.

Bí àmì bá ń parẹ́, ẹ má fi bírò tún un fà nílé. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni kí ẹ sọ fún. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú bí aláìsàn bá rù gan-an, tàbí tí ikọ́ kò jẹ́ kó lè dùbúlẹ̀, nítorí ó lè gba pé kí wọ́n tún ìdíwọ̀n náà ṣe.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.