Inú Ọpọ́n Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rò

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi ẹ̀rọ yí igi, láti Ìfọ̀nyìntẹ̀dó dé Ìpókíá, dé Ìlaró, dé Ayétòrò, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àáké àti ọ̀bẹ ni wọ́n fi kọ́ èmi níṣẹ́. Ẹ̀rọ léètì ni ẹ̀yin ń lò, n kò sì bá yín jà sí i. Ẹ̀yìn àwọn ọpọ́n tí ẹ ń kó wá hàn mí ń dán gan-an. Ìgbà tí mo bá ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń yí padà: etí fẹ́lẹ́, ìdí ki pọ́pọ́, àmì irin kún ibẹ̀ yàn-àn-yàn. Ẹ̀yìn ni ẹ ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ inú ni oníbàárà fẹ́ lò.

Ní agbègbè tiwa yìí, a kì í ṣe àlejò sí gbígbẹ́ inú igi. Odindi igi kan ni a sábà fi ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a ó sì kó inú rẹ̀ jáde kí ó lè jókòó sórí oníjó. Èrò ìwòran ń wo ẹyẹ, ejò àti gèlè tó wà lókè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ru ú nìkan ló mọ bí agbẹ́gilére ṣe ṣe inú, nítorí bí apá kan bá wúwo ju èkejì lọ, ọrùn rẹ̀ ni yóò jẹ ìyà. Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún ogún gbogbo ayé lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ọ̀nà tí a ń gbà kó inú igi jáde wà lára ohun tí wọ́n ń yìn, bí wọn ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ inú lè dé, kí ó wá àwòrán ọpọ́n tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ní nǹkan bí 1925. Ó wà nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington báyìí. Lábẹ́ ọpọ́n náà, láàárín àwọn ère tó gbé e ró, orí ènìyàn kan wà tó ń yí gbirigbiri, tí kò sì lè jáde. Wọn ò lẹ nǹkan kan mọ́ nǹkan kan. Igi kan náà ni, ọ̀bẹ ló gba àárín àwọn ère wọlé lọ gé orí yẹn kúrò lára wọn. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Kò fọwọ́ kan léètì.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti igi fúnra rẹ̀. Ọkàn igi, ìyẹn àárín gbùngbùn tí àwọn òrùka yí ká, ibẹ̀ ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ la gẹdú sí méjì, kí ẹ gé ọkàn yẹn dànù, kí ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ẹ wo ìlù: agbẹ́lù da inú igi lu já lókè nílẹ̀, ọkàn bá a lọ, ìdí nìyẹn tí igi ìlù fi ń pẹ́ kó tó sán. Odó ní tirẹ̀, ọkàn ṣì wà ní ìdí rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì sábà máa ń là. Igi kì í súnkì tó nǹkan ní òró, ìyẹn ní gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń súnkì yíká òrùka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń súnkì láti èèpo sí ọkàn. Ìyẹn ló fà á tí ọpọ́n tí ẹ yí ní tútù, tó rí kìrìbìtì, fi ń rí bí ẹyin lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ yí i. Ní àkọ́kọ́, ẹ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ rẹ̀: ọpọ́n tó fẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà, ara rẹ̀ á nípọn tó 3. Ìdí gbọ́dọ̀ bá ara dọ́gba, nítorí ibi tó fẹ́lẹ́ á ti gbẹ tán kí ibi tó nípọn tó bẹ̀rẹ̀, wọn á sì fa ara wọn ya. Ẹ fi ìda kun ibi tí òró igi ti yọjú, ẹ fi ìwé àpò sìmẹ́ńtì wé e, ẹ gbé e síbi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ líle kò dé. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá fúyẹ́ sí i mọ́ ló tó gbẹ, ìgbà náà ni kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tí ẹ bá sáré parí nígbà òjò, ọyẹ́ ni yóò bá yín dájọ́ rẹ̀.

Igi kò jọra, ẹ jọ̀wọ́. Tíìkì, irú èyí tí wọ́n gbìn sígbó ọba Ìlaró, ń jẹ ẹnu irin kíákíá. Ìrókò máa ń ní òkúta nínú, eruku rẹ̀ sì ń dá àwọn kan lọ́nà ọ̀fun, ẹ bo imú. Ọ̀mọ̀ fúyẹ́, ó gbọ́ràn, àwọn agbẹ́lù sì mọyì rẹ̀. Ọ̀gànwó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé inú, ẹ mọ ibi tí òró igi kọjú sí. Ọpọ́n tí òró rẹ̀ dábùú, láti etí ni irin ń wọlé lọ sí àárín ìdí. Èyí tó dúró lóròó bí odó tàbí ìlù, láti àárín ni kí ẹ ti máa fà á bọ̀ síta. Bí ẹ bá ṣe é lódìkejì, irin á máa fa igi tu dípò kó gé e, ẹ ó wá máa fi ìwé oníyanrìn jìyà. Fún ohun tí ẹnu rẹ̀ há, tí ojú kò ríran wọ inú rẹ̀, etí yín ni kí ẹ lò: bí ara rẹ̀ bá ṣe ń fẹ́lẹ́ ni ohùn rẹ̀ ń yí padà. Ẹ máa dá ẹ̀rọ dúró kó èérún igi jáde léraléra. Ẹ fi ọ̀pá kan dábùú ẹnu rẹ̀, ẹ ti òmíràn bọ inú kanlẹ̀, ẹ sàmì sí i, ẹ fi wé gíga ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdí tó lu ni ìwọ̀n yìí ìbá ti gbà là.

Ọ̀rọ̀ ewu wá kù. Etí ọpọ́n 30 sẹ̀ǹtímítà, bí ẹ̀rọ bá ń yí i nígbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, ń sá ní nǹkan bíi kìlómítà 56 ní wákàtí. Eré ọ̀kadà nìyẹn, níwájú àyà yín. Gẹdú tí kò tíì rí kìrìbìtì, ìwọ̀nba eré ni kí ẹ fún un. Kò sí ẹ̀wọ̀n ọrùn, kò sí apá ẹ̀wù tó ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀. Bí àwọn oníná bá mú iná lọ nígbà tí irin ṣì wà lára igi, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn. Iná tó bá padà dé bá ẹ̀rọ tó ṣí sílẹ̀ kì í kí ènìyàn kó tó yí igi.

Bí ẹ bá wá yí ọpọ́n oúnjẹ tán, ẹ má fi epo pupa pa á, kì í gbẹ, yóò kan. Ìda oyin dára jù ú lọ.

Mo tún rí i pé àwọn kan ń po ìyẹ̀fun igi mọ́ góòmù láti fi dí ibi tó sán, wọ́n á sì kùn ún kó dán, wọ́n á tà á lówó pípé. Mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́. Ọpọ́n tí ìdí rẹ̀ bá ti la, ẹ gbé e fún àwọn ìyá tó ń dáná, kí ẹ lọ gé igi mìíràn.