Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: Nígbà tí Oògùn Ásímà Tuntun Bá Kọ́kọ́ Wọ Ara

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe lórí èlé tàbí èrè pínpín. Ásímà ni, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ikọ́ fée. Bí a bá lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò ní agbègbè Lẹ́kkí Free Zone, owó tí wọ́n yá nítorí àìsàn èémí kì í wọ́n nínú ìwé. Èyí kò yà wá lẹ́nu. Láti 2006 tí wọ́n ti dá ibùdó náà sílẹ̀ ni iyanrìn ti ń fò níbẹ̀, láti 2023 tí wọ́n sì ti ṣí èbúté àti ilé ìfọpo Dangote, ọkọ̀ àjàgbé kò dá lójú ọ̀nà mọ́. Eruku àti èéfín a máa ru ásímà sókè.

Ní oṣù kẹjọ 2023 kan náà ni ilé iṣẹ́ GSK, tó ń ta Ventolin àti Seretide, kéde pé òun ń dá òwò òun dúró ní Nàìjíríà. Owó oògùn fò sókè, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì ní láti bọ́ sórí oògùn ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹlòmíràn á lo ti tuntun fún ọjọ́ mẹ́rin péré, ohùn rẹ̀ á há, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì jù ú sínú àpótí, á padà sí ìnhélà aláwọ̀ aró nìkan. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Ìnhélà aláwọ̀ aró a máa ṣí ọ̀nà èémí lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wo ọ̀nà èémí tó wú nínú. Oògùn adènà, èyí tó ní sítẹ́rọ́ídì, ló ń mú wíwú náà rọlẹ̀, ó sì lè gba ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí agbára rẹ̀ tó hàn. Láti 2019 ni GINA, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ásímà, ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbára lé ti aláwọ̀ aró nìkan mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí oògùn adènà ń fà. Bí ohùn bá há, tàbí tí nǹkan funfun bo ahọ́n, oògùn tó yẹ kó dé ẹ̀dọ̀fóró ló dúró sí ẹnu àti ọ̀fun. Lẹ́yìn lílò, ẹ fi omi ṣan ẹnu títí dé ọ̀fun, kí ẹ tu ú dànù. Ẹ má gbé e mì. Bí funfun náà kò bá lọ, dókítà ní oògùn rẹ̀. Ọwọ́ gbígbọ̀n àti àyà tó ń lù kìkì sábà máa ń dínkù bí ara bá ti mọ́ oògùn náà.

Ẹ tún wo irú ìnhélà tí wọ́n fún yín. Èyí tó ń fọ́n bí fílíìtì, ẹ rọra fà á wọlé pẹ̀lú èémí gígùn, kí ẹ sé èémí fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Èyí tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, kíákíá àti tagbáratagbára ni a ń fa tirẹ̀. Ẹni tó bá lo ti ìsinsìnyí bí ó ṣe ń lo ti àná lè máa dá oògùn lẹ́bi lásán. Ẹ ní kí apòògùn wò yín bí ẹ ti ń lò ó.

Fún onífífọ́n, ìgò agbèémí wúlò púpọ̀. Bí owó rẹ̀ bá wọ́n, ní 1999 àwọn oníṣègùn ní Cape Town tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ike omi 500 ml, tí a gé ihò sí nídìí kí ẹnu ìnhélà lè wọ̀ ọ́ pinpin, ṣiṣẹ́ bí ti ilé ìtajà fún àwọn ọmọdé tí ásímà dé sí. (Ike omi kò wọ́n ní Àjáh, a mọ̀.)

Àwọn kan wà tí a kì í fara dà. Bí èémí bá há sí i lẹ́yìn tí ẹ fa oògùn tuntun, tàbí ojú wú, ẹ lo ti aláwọ̀ aró, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹni tó ń lo montelukast, tó wá ń lá àlákálàá, tí inú rẹ̀ bàjẹ́ tàbí tó ń ronú àtipa ara rẹ̀, kí ó dá a dúró, kí ó rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ní 2020 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ìkìlọ̀ líle sára oògùn yìí. Ṣùgbọ́n prednisolone tí a ti lò fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, a kì í já a lójijì.

Bí ẹ ti ń kọ owó ìfowópamọ́ yín sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn, iye ìgbà tí ẹ fà á, àti ohun tí ara sọ. Ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà, ì báà ṣe ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Àkòdò. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó náà, ọmọ ẹgbẹ́ tí ìnhélà rẹ̀ ti tán kò lè dúró de ìpàdé ìparí oṣù. Kí alága àti akápò fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tó bá dé.