Òjé Inú Tìróò



Láti ayébáyé ni àwọn ìyá wa ti ń lé tìróò fún ọmọ ọwọ́. Àwa Mùsùlùmí sì mọ̀ pé Ànábì wa (s.a.w.) yin ithmid, òkúta tí a ń lọ̀ lé sójú. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ka tìróò sí sunnah. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á bi ara wa: ṣé ithmid náà ni à ń rà lọ́jà lónìí?

Àwọn tó yẹ tìróò wò rí i pé òjé ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìran rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà. Wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún un wò, èyí tí wọ́n rà ní Nàìjíríà: nínú ìdá 100 rẹ̀, òjé lé ní 82.

Báwo ni òjé ṣe ń wọ ara? Ọmọ a fi ọwọ́ nu ojú, a sì ti ọwọ́ kan náà bọ ẹnu. Ara ọmọdé ń fa òjé tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbàlagbà. Inú eegun àti eyín ni ó ń sá pamọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọpọlọ ni ó ń bà jẹ́ jù: ẹ̀kọ́ a máa nira fún ọmọ, kò sì ní lè fara balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dín kù, inú lè máa run ún. Bí ó bá pọ̀ jù, gìrì a gbé e, ó sì lè kú. Aláboyún a máa kó o ran ọmọ inú rẹ̀.

Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta nínú agbo ilé láti wá wúrà. Eruku òjé inú òkúta náà pa ọmọdé tó lé ní 400.

Kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò lè pa ọmọdé lára. Nítorí náà:
1. Ẹ má ṣe lé tìróò fún ọmọ.
2. Ẹ máa fọ ọwọ́ ọmọ kí ó tó jẹun.
3. Ẹ máa fún un ní ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti wàrà. Ara tó jẹun re kì í fa òjé púpọ̀.
4. Bí ẹ bá fura, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹni tí kò lé tìróò kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n amáànà Ọlọ́hun ni ọmọ, ọ̀ranyàn sì ni ṣíṣọ́ amáànà. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ wọn. Aamiin.