Àwòdì Ni Tàbí Àṣá? Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Máa Wo Ẹyẹ Apẹranjẹ

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ ńlá tó máa ń yípo lókè ọjà àti ààtàn ìlú yìí tí oòrùn bá ti mú, kí ni ẹ ń pè é? Nílé wa, àṣá ni bàbá mi ń pè é. Màmá mi a ní rárá o, àwòdì ni. Àwọn ọmọ Hausa tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní tiwọn ń pè é ní shirwa. Èmi tí wọ́n bí sí òkè Ọya kò mọ èyí tí ǹ bá mú, mo bá sọ gbogbo ohun tó bá ti ń fò lókè di àṣá.

Àìmọ̀ yìí ló kó ìtìjú bá mi ní ọdún kìn-ín-ní mi níhìn-ín. Mo sáré wọ yàrá, mo ní mo ti fi ojú mi rí idì. Ní ọjọ́ kejì, níṣojú àwọn tí a jọ ń gbé, "idì" mi já wálẹ̀ látòkè, ó sì gbé pọ̀nmọ́ lórí àtẹ ìyá kan, ó di òkè. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Idì wo ló ń jí pọ̀nmọ́ gbé lọ́jà? Àwòdì ni.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ yín nìyẹn: ẹ má tíì wá idì kiri. Àwòdì ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dunjú, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ni ẹ ó sì máa fi wọn àwọn yòókù. Ẹ má sì tẹ̀lé àwọ̀. Ẹyẹ tó bá wà láàárín ẹ̀yin àti oòrùn, dúdú ni gbogbo wọn. Ọmọ àṣá mìíràn kò tilẹ̀ jọ ìyá rẹ̀ rárá títí yóò fi dàgbà. Ìrísí ni kí ẹ wò: bí apá ṣe gùn sí, bí ìrù ṣe rí, bí ẹyẹ náà ṣe ń fò. Ṣé a máa ń dá ọ̀rẹ́ wa mọ̀ lókèèrè nípa ìrìn rẹ̀ kí ojú tó kan ojú? Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Apá àwòdì gùn, ó sì tẹ̀ díẹ̀ níbi oríkèé. Ìrù rẹ̀ là sí méjì ní ìparí, ó sì máa ń lọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń tukọ̀. (Ẹ ṣọ́ra o: bí ó bá tan ìrù náà ká, ìlà yẹn kì í hàn mọ́.) Kì í fi bẹ́ẹ̀ ju apá, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Àwọn baba wa ti wò ó dáadáa kí wọ́n tó sọ pé àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹnu aláwọ̀ ìyeyè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìbátan wọn láti Yúróòpù a máa wá bá wọn, ẹnu tiwọn dúdú. Nílẹ̀ Yorùbá, àwòdì kì í sí lójú ọ̀run tí òjò bá ti ń rọ̀ gan-an. Òkè Ọya ni wọ́n ń ṣí wá. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ sílé fún ìsinmi, ẹ wò ó bóyá mo purọ́.

Tí ẹ bá ti mọ àwòdì, ohun tí kì í ṣe òun yóò máa hàn fúnra rẹ̀. Ẹyẹ kékeré funfun tí èjìká rẹ̀ dúdú, tó ń rà bàbà lójú kan lórí pápá, Black-winged Kite ni. Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí òpó iná, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, tí ìlà dúdú kan ṣoṣo sì wà ní òòró láàárín ọ̀fun rẹ̀ funfun, Lizard Buzzard ni. Ẹyọ ìlà yẹn ti tó. Lórí àwọn àpáta Jos, ẹ lè rí òmíràn tó pupa láti orí dé ìrù, tí apá rẹ̀ rí ṣóńṣó: Fox Kestrel. Tí wọ́n bá sì ń jó igbó lẹ́ẹ̀rùn, ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn kò ti gbé èéfín bá yín, kí ẹ wá Grasshopper Buzzard, tí apá rẹ̀ pupa bí amọ̀ tó bá ń fò. Tata tó ń sá fún iná ló wá jẹ.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni African Harrier-Hawk. Ojú rẹ̀ kò ní ìyẹ́, àwọ̀ ìyeyè ni, ó sì lè pọ́n tí ara rẹ̀ bá gbóná. Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣẹ́ síwájú, ó tún ń ṣẹ́ sẹ́yìn, nítorí náà ó lè na ẹsẹ̀ bọnú ihò igi kó fa ọmọ ẹyẹ jáde. Ó máa ń rọ̀ mọ́ ìtẹ́ ẹ̀gà, ó sì ń gun ọ̀pẹ lọ jẹ ẹyìn. Àṣá tó ń jẹ ẹyìn! Ọmọ ìlú ni.

Ní ti wíwá wọn, ẹ má da ara yín láàmú ní ìdájí. Láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tí ilẹ̀ bá ti gbóná tí afẹ́fẹ́ sì ń ru sókè, ni wọ́n ń gòkè. Ẹ wo orí òpó àti igi gbígbẹ. Ẹ tẹ́tí sí kannakánná: tí ó bá ń pariwo, tó ń lé nǹkan kiri, ẹ gbójú sókè. Awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn dára, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e dé ẹ̀bá bárékè, kí ẹ sì mú káàdì ọmọ ilé-ìwé yín dání. Igbó Amurum ní Laminga, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ APLORI wà, kò jìnnà sí wa. Ìwé Borrow àti Demey lórí àwọn ẹyẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó jáde ní 2001, ni kí ẹ bi wọ́n léèrè níbẹ̀.

Ẹ ní ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, ibi àti iye tí ẹ rí sínú rẹ̀. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni igún. Apá rẹ̀ fẹ̀ bí pátákó, ìrù rẹ̀ kúrú, orí rẹ̀ kéré. Bàbá mi ní wọ́n pọ̀ bí adìyẹ ní odò ẹran nígbà tí òun kọ́kọ́ dé ìlú yìí. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, ni àwọn àgbà wí. Síbẹ̀ wọ́n ń pa á tà fún oògùn, májèlé sì ń pa òmíràn. Ní 2015, àjọ IUCN ka Hooded Vulture, igún àárín ìlú gan-an, mọ́ àwọn tó súnmọ́ ìparun jù lọ. Bí a bá ń pe gbogbo wọn ní àṣá, báwo ni a ṣe fẹ́ mọ èyí tí kò wá mọ́?

Mo ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún igún nínú ìwé tèmi. Mo ti lo sáà mẹ́ta báyìí, n kò tíì kọ nǹkan kan sí i. Ẹni tó bá rí ọ̀kan, kó jọ̀wọ́ wá mi wá ní yàrá, kódà bí ilẹ̀ bá ti ṣú.